Oúnjẹ ajá tí kò ní ọkà nínú: ẹ̀yin tí ẹ ti dán an wò, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tiger (Tankẹ)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin alájá ẹgbẹ́ mi. Alsatian ni Tiger mi, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Bí òjò bá ti ń rọ̀ báyìí, wàhálà dé nìyẹn. Á máa họra tọ̀sán-tòru, á máa lá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ títí á fi pọ́n, etí rẹ̀ á máa rùn. Irun ìdí ìrù rẹ̀ ti já. Ẹ̀kọ àti fùkù ló ń jẹ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ajá, nígbà mìíràn ìrẹsì pẹ̀lú ẹja ṣawá.

Ẹni tó ń ta oúnjẹ ajá lápá Fate ló sọ fún mi pé àgbàdo ló ń dà á láàmú. Ó ní ọmọ ìkookò ni ajá, ìkookò kì í sì í jẹ àgbàdo. Ó wá ta àpò kan fún mi, èyí tí wọ́n kọ "grain free" sí lára, ìyẹn ni pé kò ní ọkà bí àgbàdo, ìrẹsì tàbí àlìkámà nínú, láti òkè òkun. Owó rẹ̀ ò jìnnà sí owó àpò ìrẹsì kan. Ó ti lé lóṣù kan tó ti ń jẹ ẹ́. Ara ṣì ń yún un. Ìgbẹ́ rẹ̀ wá rọ̀, ó sì ń só débi pé ọkọ mi lé e kúrò ní bárándà.

Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni pé àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà pè mí lánàá, ó ní kí n da oúnjẹ yẹn nù kíá, pé ó ń ba ọkàn ajá jẹ́, ó sì ń pa wọ́n. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n padà sórí ẹ̀kọ àti fùkù ni, àbí kí n ní sùúrù kí àpò yìí tán?

Ọmọ Ọ̀fà

Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Lhasa tèmi ti ń jẹ aláìlọ́kà fún ọdún kan ó lé. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, ó máa ń họra títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde. Gbogbo ọṣẹ ajá tó wà lọ́jà ni mo rà tán. Nígbà tí mo yí oúnjẹ rẹ̀ padà, kò pẹ́ rárá tí ara rẹ̀ fi jọ̀lọ̀, irun rẹ̀ wá ń dán. Ìgbẹ́ rẹ̀ kéré, kò sì rùn bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ti isọ yẹn, ó jọ pé ẹẹ́kan ṣoṣo lẹ fi òmíràn rọ́pò oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pò ó mọ́ ti àtijọ́, fún bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, kí inú rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ọkàn tí wọ́n ń pariwo yẹn, ìjà àwọn ilé iṣẹ́ ló wà nídìí ẹ̀. Ẹni tó ń ta ọlọ́kà kò fẹ́ kí aláìlọ́kà tà.

Baba Ọdẹ (Òmù-Àrán)

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ lówó lọ́wọ́ o. Ajá mẹ́ta ló wà lọ́gbà mi níbí. Tanimọ̀la ló dàgbà jù, ó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, kò tíì rí oúnjẹ inú àpò rí láyé ẹ̀. Àmàlà àti ọbẹ̀ tó bá ṣẹ́kù ni, ọjọ́ mìíràn láfún. Ṣé iṣu kọ́ ni èlùbọ́ ni? Ṣé gbágùúdá kọ́ ni láfún? Kò sí àgbàdo níbẹ̀, kò sí àlìkámà. A jẹ́ pé àwọn ajá wa ti ń jẹ aláìlọ́kà kí òyìnbó tó mọ̀ pé òun lè dì í tà. Ẹ gbé Tiger sílẹ̀, kí ẹ tú abẹ́ etí àti àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Eégbọn lẹ máa bá níbẹ̀.

Oníṣègùn Ẹranko (Ìlọrin)

Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko ni mò ń ṣe nílùú yìí. N ò rí Tiger, torí náà n ò lè sọ ohun tó ń ṣe é, àmọ́ ọ̀rọ̀ mélòó kan ti jáde níbí tí kò yẹ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti ìkookò yẹn, ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ tajà ni. Lóòótọ́ ìdílé kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ajá ti bá èèyàn jẹun pẹ́. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Uppsala, ní Sweden, gbé ìwádìí jáde lórí àbùdá tó ń jẹ́ kí ara lè lo sítáàṣì. Ẹ̀dà méjì péré ni ìkookò ní nínú àbùdá yìí. Ajá ní láti mẹ́rin títí dé ọgbọ̀n. Ajá tí ara rẹ̀ le lè jẹ ẹ̀kọ, ìrẹsì àti tùwó kó sì dà dáadáa nínú rẹ̀.

Ajá tí oúnjẹ ń mú ara rẹ̀ yún wà, n ò jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ẹran ló sábà máa ń fà á ju ọkà lọ. Àwọn dókítà kan kó àkọsílẹ̀ ajá 297 tí oúnjẹ ń dá ara wọn láàmú jọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016. Ẹran màlúù ló ṣáájú, ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Mílíìkì àti wàrà tẹ̀ lé e, ìdá 17. Adìẹ jẹ́ 15, àlìkámà 13. Àgbàdo tí gbogbo èèyàn ń bú yìí, 4 péré. Ìrẹsì ò ju 2 lọ. Ìyá Tiger, fùkù tí ẹ ń rà nílé alápatà, màlúù mà ni. Ẹni tó bá sì ń gbé Ìlọrin, mo ní láti bi í: ṣé ẹ ń fún un ní wàrà tàbí omi wàrà?

Nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tí mo fẹ́ kí ẹ tún rò. Ẹ ní tí òjò bá dé ni ara ń yún un. Oúnjẹ tó ń jẹ lójò náà ló ń jẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ohun tó bá ń bá òjò wá, tó sì ń bá òjò lọ, oúnjẹ kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Eégbọn tí Baba sọ yẹn wà níbẹ̀, kòkòrò tín-ń-tín tó ń wọ abẹ́ awọ wà níbẹ̀, ìdọ̀tí inú etí tí ọ̀rinrin ń bí wà níbẹ̀, koríko àti ìyẹ̀fun òdòdó náà sì lè fà á. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n ha awọ ara rẹ̀ wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Iṣẹ́ kékeré ni, kò sì wọ́n tó ìdajì àpò yẹn.

Tó bá wá jẹ́ oúnjẹ ni lóòótọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tá a fi lè mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko, ẹran kan tí kò jẹ rí àti oúnjẹ kan tí kò jẹ rí, bí ehoro àti iṣu. Kò gbọdọ̀ kan nǹkan míì, kódà eegun tí ọmọ kékeré jù sí i. Ara rẹ̀ á wá rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ dá ti àtijọ́ padà, kí ẹ wò ó bí yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe èyí tó ní òun mọ ohun tí ara ajá òun kò gbà, àbá lásán ló ń dá.

Ẹ wo ẹ̀yìn àpò yẹn, kí ẹ ka nǹkan márùn-ún àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún wa.

Ìyá Tiger (Tankẹ)

Dókítà, ẹ ṣeun gan-an. Adìẹ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ẹ̀wà pea, lentil, ọ̀rá adìẹ, pòtétò. Wàrà ńkọ́? Ọmọ Fúlàní kan ń gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà wa láràárọ̀. Tiger mọ ohùn rẹ̀. Omi wàrà tó bá ṣẹ́kù, òun ló ni ín. N ò tilẹ̀ ka ìyẹn sí oúnjẹ.

Alfa Adéwọlé

Àsàlámù aléékùm. Torí olè la ṣe ń sin ajá nílé wa, ìta ló sì ń gbé, abọ́ tirẹ̀ dá wà. Mo fẹ́ rán ẹ̀yin Mùsùlùmí tó wà níbí létí pé kí ẹ ka ẹ̀yìn àpò kí ẹ tó rà á. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ "pork meal" sí gbangba gbàǹgbà. Òmíràn á kọ "animal fat" lásán, kò ní sọ ẹran wo. Ajá ló ń jẹ ẹ́, òtítọ́ ni, àmọ́ ọwọ́ wa la fi ń bù ú, àwọn ọmọ wa ló sì ń gbé e. Èyí tí wọ́n kọ ẹja tàbí àgùntàn sí lára wà lọ́jà, ẹ lè béèrè.

Ọmọ Òrò ní Houston

Ìyá Tiger, àbúrò yín kò parọ́, àmọ́ ó sọ ọ́ kọjá bó ṣe jẹ́. Mo wà níbí nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn bẹ́ sílẹ̀, golden retriever ni mo sì ń sìn, torí náà mo tẹ̀ lé e dáadáa.

Ní oṣù keje 2018, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn dókítà ẹranko ń rí àìsàn ọkàn kan tí wọ́n ń pè ní DCM lára irú ajá tí kì í sábà ní in. Ọkàn á fẹ̀, ògiri rẹ̀ á fẹ́lẹ́, kò ní lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́. Àìsàn ìran ni fún Doberman àti Great Dane, gbogbo èèyàn ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú golden retriever àti Labrador. Ní oṣù kẹfà 2019 wọ́n ka orúkọ oúnjẹ 16 tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ wọn jù. Ìròyìn 524 ló ti wọlé láàárín oṣù kìíní 2014 sí oṣù kẹrin 2019. Nínú àwọn oúnjẹ tí àwọn ẹranko yẹn ń jẹ, ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ aláìlọ́kà, ìdá 93 ló sì ní ẹ̀wà pea tàbí lentil.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àìsí ìrẹsì nínú oúnjẹ kọ́ ni wọ́n ń fura sí jù. Ohun tí wọ́n kó wọnú àpò dípò ìrẹsì ni, àwọn ẹ̀wà yẹn, tí wọ́n pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Pea àti lentil ló wà ní ipò kejì àti ìkẹta lẹ́yìn àpò tiyín.

Àmọ́ kí ẹ má bàa sá ju bó ṣe yẹ: ajá tó wà ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn, wọ́n fojú bù ú sí mílíọ̀nù 77. 524 nínú ìyẹn kéré. Púpọ̀ nínú ìròyìn náà ló sì jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n kéde ló tó wọlé. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá 2022, ó ti di 1,382. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, FDA ní iye ìròyìn nìkan ò tó láti fi dá ẹjọ́, pé àwọn ò ní máa gbé ìròyìn tuntun jáde mọ́ àfi tí ìmọ̀ tuntun tó nítumọ̀ bá yọjú.

Ní ti ajá mi, dókítà mi ní kí n padà sórí èyí tó ní ìrẹsì nínú, mo sì padà. N ò rí ìdí tí mo fi máa fi ọkàn ajá mi ta tẹ́tẹ́ nígbà tí kò sí ohun kan lára rẹ̀ tó kọ ìrẹsì.

Ọmọ Ọ̀fà

Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, wọ́n ti pa ìwádìí náà tì. Tó bá jẹ́ òótọ́, wọn ì bá ti lé àwọn oúnjẹ yẹn kúrò lọ́jà. Ajá mi ń sáré, ó ń fò, kò wú ikọ́. Mo dúró lórí tèmi.

Oníṣègùn Ẹranko (Ìlọrin)

Ọmọ Ọ̀fà, wọn kò sọ pé aláìlọ́kà mọ́ lọ́wọ́, wọn kò sì sọ pé ó jẹ̀bi. Ẹjọ́ tí adájọ́ sún síwájú kì í ṣe ẹjọ́ tí adájọ́ dá sílẹ̀. Àwọn ajá kan tí wọ́n yí oúnjẹ wọn padà, tí wọ́n sì lo oògùn, ọkàn wọn sàn ju ti tẹ́lẹ̀, DCM tó jẹ́ ti ìran kì í sì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Kí ni Lhasa yín ń jẹ kó tó di pé ẹ yí i padà? Ẹran wo ló sì wà nínú àpò tí ẹ ń rà?

Ọmọ Ọ̀fà

Ìrẹsì àti ẹran màlúù ló ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹja salmon ló wà nínú èyí tó ń jẹ báyìí.

Oníṣègùn Ẹranko (Ìlọrin)

Ẹ rí i báyìí. Ẹ yọ màlúù kúrò lọ́jọ́ kan náà tí ẹ yọ ìrẹsì. Màlúù ló ṣáájú nínú àwọn tí mo kà sókè yẹn, ìrẹsì ló wà nísàlẹ̀. Kí ló wá jẹ́ kó dá yín lójú pé ìrẹsì ni?

Baba Ọdẹ (Òmù-Àrán)

Mo mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ ìwọ ọmọ yìí, dókítà ti gbé ọ ṣánlẹ̀ o.

Ọmọ Ọ̀fà

Baba, ẹ̀yìn mi ò tíì kan ilẹ̀. Kódà kó jẹ́ màlúù, aláìlọ́kà tí mo rà ló yọ ọ́ kúrò fún mi. Mi ò ní paná ohun tó ń ṣiṣẹ́.

Ṣẹ́gun Kúléndé

Gbogbo àríyànjiyàn yìí torí ara yíyún? Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì dà nù ni kí ẹ fi pa á lára. Ọjọ́ kejì ni kòkòrò á kú.

Ìyá Bruno (Ọ̀fà Garage)

Ṣẹ́gun, jọ̀ọ́, má kọ́ èèyàn níyẹn mọ́. Ajá ń lá ara rẹ̀, ọ́ìlì náà á sì wọnú rẹ̀ lọ. Ó ń jó awọ ara pẹ̀lú. Ajá aládùúgbò wa kan tí wọ́n fi í pa, èébì ló ń bì, kò sì lè dìde. Abẹ́rẹ́ ivermectin, oògùn kòkòrò, tí àwọn kan máa ń gún fúnra wọn náà kò yàtọ̀. Àwọn ajá kan wà tí ara wọn ò gbà á rárá, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà.

Ní ti oúnjẹ, ilé ni mo ti ń se ti Bruno. Iṣu tàbí ọ̀dùnkún, ẹja tútù tí mo ti yọ egungun rẹ̀, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ díẹ̀, ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń lọ Ìpàta lówùúrọ̀ kùtù kí n tó rí ọkàn màlúù rà, torí àwọn ọlọ́sìn ẹja náà ń wá a. Aláìlọ́kà ni gbogbo ẹ̀, kò sì sí pea kankan nínú ẹ̀. Owó rẹ̀ kì í tó ti àpò òkè òkun.

Oníṣègùn Ẹranko (Ìlọrin)

Ìyá Bruno, ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yẹn. Ọkàn màlúù tí ẹ ń rà dára púpọ̀ fún ajá tí ara rẹ̀ bá gba màlúù, torí taurine pọ̀ nínú rẹ̀. Taurine jẹ́ èròjà kan tí iṣan ọkàn nílò, ara ẹran àti ẹja ló wà. Inú omi ló máa ń yọ́ sí. Tí ẹ bá se ẹran tán tí ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ ti da púpọ̀ nínú rẹ̀ nù nìyẹn. Ẹ fi omi náà ro oúnjẹ rẹ̀.

Ohun tó kù nínú ìsebẹ̀ yín ni kálísíọ́ọ̀mù. Ẹran àti iṣu kò ní in tó, ẹ sì ti yọ egungun ẹja. Kì í tètè hàn lára àgbà ajá, àmọ́ á hàn lọ́jọ́ kan. Ẹ gbé gbogbo ohun tí ẹ ń sè lọ bá dókítà yín kó bá yín ṣe ìwọ̀n rẹ̀. Baba Ọdẹ, ẹ má bínú, ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù yẹn ńkọ́? Àlùbọ́sà inú rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, tútù tàbí sísè.

Baba Ọdẹ (Òmù-Àrán)

Àlùbọ́sà kẹ̀? Tanimọ̀la ti ń jẹ ọbẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan. Ṣùgbọ́n mo gbọ́. Màá ní kí ìyá wọn máa bu tiẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó da ata sí i.

Olóúnjẹ Ajá (Gáà Akáńbí)

Mò ń ta méjèèjì, ọlọ́kà àti aláìlọ́kà, torí náà ẹ gbọ́ tẹnu mi náà. Ohun tó ń yọ ajá lẹ́nu nílùú yìí, ìtọ́jú oúnjẹ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ̀ ń ra èyí tí wọ́n tú kúrò nínú àpò, tí wọ́n wọ̀n sínú ọ̀rá ní kílò kan-kan. Ẹ ò mọ ọjọ́ tí wọ́n tú u, ẹ ò mọ ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ ò sì mọ̀ bóyá wọ́n ti po oríṣi méjì pọ̀. Aláìlọ́kà sábà máa ń lọ́ràá, ọ̀rá náà á sì kan nínú ooru wa yìí kí ẹ tó lò ó dé ìdajì. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí òróró tó ti pẹ́ lábẹ́ oòrùn, ẹ má fún ajá. Inú àpò tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ ká ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá gbé àpò náà sínú ike tó ní ìdérí. Ẹ má dà á sínú ike lásán.

Èyí tó ní ọkà náà ní ewu tirẹ̀. Àgbàdo àti ẹ̀pà tó bá bu máa ń ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, ẹ̀dọ̀ ajá ló ń bá jà, sísè kì í sì í pa á. Ní ìparí ọdún 2020, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà kó oúnjẹ ajá rẹ̀ kúrò lọ́jà torí ẹ̀. Nígbà tó di oṣù kìíní 2021, ajá tí wọ́n ròyìn pé ó ti kú lé ní 70. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra èèrí àti kúlíkúlí olówó pọ́ọ́kú ní ìgbà òjò láti po fún ajá, ẹ ṣọ́ra. Èyí tí adìẹ kọ̀, tí ẹ rí i tó ti tutù, ẹ má ní ajá ló máa jẹ ẹ́.

Ẹni tó ta ọjà fún Ìyá Tiger, n ò mọ̀ ọ́n, n ò sì ní bú u. Àmọ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ta oúnjẹ bí oògùn fún ara yíyún láìbéèrè ohun tí ajá náà ń jẹ tẹ́lẹ̀.

Alfa Adéwọlé

Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Èyí tí ẹ ń tà tí ó jẹ́ ẹja, ṣé ó ní ọkà àbí kò ní?

Olóúnjẹ Ajá (Gáà Akáńbí)

Ẹja àti ìrẹsì ni. Èyí tó jẹ́ ẹja láìní ọkà máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í pẹ́ lọ́jà. Ẹ kàn sí mi ní ìkọ̀kọ̀.

Ìyá Tiger (Tankẹ)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti gbé Tiger lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n ha awọ ara rẹ̀, wọn ò rí kòkòrò níbẹ̀. Wọ́n fi òwú nu inú etí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí iṣẹ́ ṣe: ìdọ̀tí dúdú tó kún fún kòkòrò irú èyí tó fẹ́ràn ọ̀rinrin. Wọ́n sì bá eégbọn lábẹ́ okùn ọrùn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Baba Ọdẹ ṣe sọ. Wọ́n fún wa ní oògùn etí àti èyí tí wọ́n ń dà sí ẹ̀yìn ọrùn fún eégbọn. Wọ́n fi ẹ̀rọ gbọ́ ọkàn rẹ̀, wọ́n ní bó ṣe ń lù kò burú, pé kí n ṣáà máa ṣọ́ ọ tó bá ń wú ikọ́, tó bá ń mí lókelóke, tàbí tí kò fẹ́ sáré mọ́.

Ní ti oúnjẹ, wọ́n ní kí n máa dín aláìlọ́kà yẹn kù díẹ̀díẹ̀, torí adìẹ ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a lè fi dán nǹkan kan wò. Ehoro àti iṣu la bẹ̀rẹ̀ báyìí, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọmọ ìjọ wa kan ń sin ehoro ní Òkè Odò, òun ló ń tà á fún mi. Wàrà ti di èèwọ̀. Ara rẹ̀ ti ń rọlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ n ò lè sọ bóyá oògùn etí ni, tàbí eégbọn tó kúrò, tàbí wàrà.

Ọmọ Ọ̀fà

Iṣu àti ehoro. Kò sí ọkà níbẹ̀, àbí mo purọ́?

Oníṣègùn Ẹranko (Ìlọrin)

O ò purọ́. Àmọ́ tí ara rẹ̀ bá dá, a máa dá ẹ̀kọ padà fún un lóun nìkan, láìsí fùkù. Nígbà náà la máa mọ ẹni tó jàre.

Ajá Ńlá (GRA)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀rọ̀ yìí lò díẹ̀. Ọmọ Boerboel ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó ti fẹ́ pé oṣù mẹ́ta. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n fi aláìlọ́kà tọ́ ọ dàgbà, kí n máa fi hóró kálísíọ́ọ̀mù kún un kí egungun rẹ̀ lè le. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Oníṣègùn Ẹranko (Ìlọrin)

Ẹ má fún un ní hóró kálísíọ́ọ̀mù, jọ̀wọ́. Ọmọ ajá tí yóò di ńlá kò lè kọ kálísíọ́ọ̀mù tó bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ, ara rẹ̀ á gba púpọ̀ nínú ẹ̀, egungun rẹ̀ á sì lè dàgbà sódì. Ẹsẹ̀ wíwọ́ tí ẹ ń rí lára ọ̀pọ̀ Boerboel àti Caucasian níbí, àfikún báyìí àti àjẹjù ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ọkà wà tàbí ọkà ò sí, ìyẹn kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò fún irú ajá yẹn. Ẹ wá ọ̀rọ̀ AAFCO, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà oúnjẹ ẹran ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn àpò. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé oúnjẹ náà pé fún ọmọ ajá tó ń dàgbà, títí kan irú èyí tí yóò wọ̀n tó 70 pọ́ùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá di àgbà. Òmíràn á kọ ọ́ pé ó wà fún ọmọ ajá gbogbo, àfi èyí tí yóò di ńlá. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Tí ẹ bá ti rí èyí tó tọ́, tó sì ní ìrẹsì tàbí àgbàdo nínú, ẹ rà á. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kó sanra. Ó yẹ kí ọwọ́ yín lè mọ egungun ìhà rẹ̀ lábẹ́ awọ láìtẹ̀ ẹ́. Tó bá ti pé oṣù mẹ́fà, ẹ lè sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì.